Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ológun: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kan ní Ìbàdàn

Òjé ni wọ́n ti tọ́ ọmọkùnrin náà dàgbà. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní JSS 1. Àlùbọ́sà ni ìyá rẹ̀ ń tà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló sì gba bùkátà ilé ìwé rẹ̀. Ó fo Primary 6 bí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe, ìdí nìyẹn tó fi parí ìwé mẹ́wàá kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Owó yunifásítì kò sí. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ gba sójà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí kóòtù kan, ó sì búra níbẹ̀ pé ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n gbà á, ó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi sá wálé. Ó ní òun kò rí oorun sùn mọ́. Ohun tó rí níbẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi láti sọ. Ó padà sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ti máa ń bá ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, ibẹ̀ ni àwọn sójà ti wá gbé e nínú oṣù keje. Wọ́n tì í mọ́ gáàdìrúùmù bárékè kan. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó sì parọ́ nígbà tó ń wọṣẹ́. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni yóò tó pé méjìdínlógún.

Àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ni mo kọ èyí fún, nítorí irú rẹ̀ lè já lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kì í sì í fúnni láyè láti ronú pẹ́. Mo yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọmọ náà mọ̀. Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí, mo sì fẹ́ kó jẹ ẹ̀tọ́ náà.

Ohun tí òfin sọ kò ṣòro. Abala 34 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí ẹ̀ka iṣẹ́ ológun kankan. Abala 277 ní ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 204 ní ọmọdé tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ìgbẹ́jọ́ àgbà, ètò ìdájọ́ àwọn ọmọdé nìkan ló wà fún un. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti sọ òfin yìí di tirẹ̀ láti 2006. Lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nínú ìlànà ìdájọ́ ológun tí wọ́n gbé síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2006, ìlànà keje sọ ọ́ kedere pé kò sí ìgbà kankan tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọdé síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Orílẹ̀-èdè Kóńgò, tí ogun ti fi ọmọdé ṣe sójà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ọ́ sínú òfin ilé ẹjọ́ ológun rẹ̀ ti 2002 pé ẹni tí kò tíì pé 18 kì í ṣe tiwọn láti dá lẹ́jọ́.

Bí òfin bá ṣe kedere tó báyìí, kí ló wá le? Ìṣòro náà ni pé ilé ẹjọ́ ológun kì í wo ojú ẹni, ìwé ló ń wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù wọn, sójà ni lójú wọn, ọjọ́ ìbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Títí ẹnìkan yóò fi já fọ́ọ̀mù yẹn, gbogbo abala òfin tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò ní kan ọmọ náà rárá. Àwọn tó máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nígbà náà ni àwọn ọ̀gá ológun, ààrẹ ìgbìmọ̀ àti ó kéré tán àwọn mẹ́rin mìíràn bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ológun ńlá, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó jẹ́ lọ́yà tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí òfin. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń bi ọmọdé léèrè ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, èèyàn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó bá yá, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wọ̀n ni ọmọ yóò ti máa retí rẹ̀. Omar Khadr, ọmọ Kánádà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí àwọn sójà Amẹ́ríkà mú un ní Afghanistan ní 2002. Ọdún 2010 ni ẹjọ́ rẹ̀ tó parí níwájú ìgbìmọ̀ ológun ní Guantánamo, ó sì ti di géńdé inú àhámọ́ nígbà náà.

Kí ìyá ọmọ náà tó dé ọ́fíìsì wa, níbi tí lọ́yà ti gba ẹjọ́ ọmọ náà, ó ti sáré dé ibi púpọ̀. Ó ti lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu géètì bárékè. Ó ti lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí tuntun fún ọmọ náà, ó sì ti fi fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n dá a padà: ọjọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé náà, ọmọ ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní gáàdìrúùmù. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìwé tí a ṣe lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti dé, ojú ìwé tí ọ̀ràn bí ni wọ́n máa ń fi wò ó, ì báà jẹ́ òótọ́ ló wà nínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni ìmọ̀ràn tí sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò fún wọn. Bàbá náà fẹ́ràn ọmọ yìí, kò gbèrò ibi rárá. Ó ní kí ọmọ náà má bá wọn jiyàn, kó sọ pé òun jẹ̀bi, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì tọrọ àánú, pé àwọn ọ̀gá ológun máa ń fẹ́ràn ẹni tí kò janpata. Ìyá ti fi ìmọ̀ràn yìí ránṣẹ́ sí ọmọ. Ẹni tó bá ti sọ pé òun jẹ̀bi ti gbà pé ẹni tí òfin ológun lè mú ni òun, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí dìde lẹ́yìn ìyẹn, òkè ni yóò máa gùn. Nítorí náà, kí a tó kọ lẹ́tà kankan, a ní láti rí ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Abala 36 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 la fi béèrè, èyí tó fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà tó bá wù ú, àti àkókò pẹ̀lú ohun èlò tó tó láti fi gbèjà ara rẹ̀. Wọ́n gbà wá láyè, sójà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà nà ró ṣánṣán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ itan. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn: “Yes, sir. No, sir.” Lọ́yà wa fi Yorùbá bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sè lọ́jọ́ Sátidé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀wà ni, sà.” Ìgbà náà ló tó jókòó. Lẹ́yìn èyí ló sọ bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: “Ẹni tó ń kọ ọ́ bi mí lọ́jọ́ orí, mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó ní ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni òun máa kọ. Ó ní kí n sáìnì.” Ogún ọdún ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà, torí mọ́kàndínlógún tí wọ́n kọ nígbà tó wọṣẹ́ ti di ogún. Orúkọ ọmọ náà wà nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo la ní kó há sórí, kó sì máa sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè: “Mi ò tíì pé ọdún méjìdínlógún, mo sì fẹ́ rí lọ́yà mi.” A ní kó má sọ pé òun jẹ̀bi, kó má sọ pé òun kò jẹ̀bi, kó má sì sáìnì ìwé mìíràn.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà kan lẹ́bàá odò ni wọ́n bí i sí. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sí bá omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 lọ. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí rẹ̀ ti kú. Ó ku ilé ìwé. Rẹ́jísítà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n lójú ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí, ẹnìkan ti fi báírò sọ 5 di 6. Olùkọ́ àgbà kan tó ṣì wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé ọwọ́ ọmọ náà kò tíì lè gba orí kọjá kan etí kejì nígbà tí wọ́n mú un wá, ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ni wọ́n bá fi oṣù mélòó kan kún un. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi rẹ́jísítà yẹn sílẹ̀ nílé. A mú un lọ, a sì kọ àlàyé olùkọ́ náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí ibi tí wọ́n fi báírò tọ́, ohun gbogbo tí a bá tún mú wá yóò di ayédèrú lójú wọn. Àti pé tí a bá tiẹ̀ gba ti 6 yẹn, ọmọ náà kò tíì pé 18 lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. A rí ọjọ́ ìbí tí ilé ìwé girama rẹ̀ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC pẹ̀lú. Oṣù kejìlá ni, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Èsì tí wọ́n fún wa kò ju pé ìlú yìí kún fún àwọn tó ń bu ọjọ́ orí ara wọn kù, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìwé WAEC ló parọ́? Wọ́n ní kí wọ́n ya X-ray ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi eegun mọ ọjọ́ orí rẹ̀. A ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n a kọ̀wé pé kí dókítà kọ ìwọ̀n tí àyẹ̀wò náà lè fi ṣìnà sínú èsì. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń fi àwòrán eegun ọwọ́ wé àwọn àwòrán eegun ọlọ́jọ́ orí tó wà nínú ìwé Greulich àti Pyle, tí wọ́n ti ara àwọn ọmọ Cleveland ní Amẹ́ríkà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1942. Kì í ṣe ọmọ Òjé ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Èsì dé: ó wà láàárín 17 sí 19. Ìyẹn kò gbè wá, kò sì gbè wọ́n. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, nínú àlàyé rẹ̀ kẹrìnlélógún ti 2019, ní kí ìjọba má ṣe gbára lé eegun àti eyín nìkan, kí wọ́n sì fi iyèméjì gbe ọmọ. A kọ èyí sínú lẹ́tà wa. Síbẹ̀ ẹ̀rí ń bá ẹ̀rí jà, ọjọ́ ń lọ, a sì ń gbọ́ ọ kiri pé tí wọ́n bá lè fà á dé oṣù kejìlá, ọmọ yóò ti pé 18, ọ̀rọ̀ á parí.

Èyí kì í ṣe òótọ́, ó sì yẹ kí lọ́yà máa sọ ọ́ jáde léraléra. Ọjọ́ orí tí ọmọ ní lọ́jọ́ tí ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án ṣẹlẹ̀ ni à ń wò. Pípé 18 nínú àhámọ́ kò sọ ohun tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé di ti àgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó fi wọṣẹ́. A ti ń béèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, a kàn mọ̀ pé wọ́n kọ mọ́kàndínlógún ni, a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ gan-an. Oṣù kẹta ni wọ́n kọ, pẹ̀lú ọdún tó fi ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bí i. A kà á sókè fún ìyá rẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́fíìsì, ó máa ń jókòó létí àga ni. Ó ní kí a tún ọdún yẹn kà. Ó wá ní:

“Oṣù kẹta ọdún yẹn kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo ń fún lọ́mú nígbà yẹn. Kò tíì lè dá jókòó!”

Ọmọ mẹ́rin oṣù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nígbà tí fọ́ọ̀mù sọ pé wọ́n bí àbúrò. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n sí, ní oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú, torí pé àkọ́bí ni, bàbá wọn sì ní ilé ìwòsàn ni kí wọ́n lọ. Káàdì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, nísàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi ọjọ́ sí lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé ẹ̀gbọ́n rí, torí ọjọ́ orí àbúrò ni gbogbo wa ń wá. A gba ẹ̀dà tí ilé ìwòsàn fọwọ́ sí, kó lè wúlò gẹ́gẹ́ bí ìwé ìjọba lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti 2011.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti mú wá tẹ́lẹ̀ ń sọ pé ọjọ́ tiwa ni òótọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè sọ pé irọ́ ni. Káàdì ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Ó kàn fi hàn pé ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù gbé kalẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láyé, àyàfi bí obìnrin kan bá lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti parọ́.

Ó ku ẹ̀gbọ́n bàbá. Láìsí àlàyé rẹ̀, ẹ̀sùn kejì, pé ọmọ náà ló parọ́, yóò ṣì dúró. A pàdé nílé ẹbí. Ó bínú, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní, “Ṣé kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ẹ̀wọ̀n ni?” Ìbéèrè gidi ni, lọ́yà tó bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un kò ṣe dáadáa. A sọ fún un pé a kò lè jẹ́ lọ́yà ọmọ kí a tún jẹ́ tirẹ̀, torí ọ̀nà wọn lè yà. A bá a wá lọ́yà mìíràn tí kò bá wa da nǹkan pọ̀. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ rán an níwèé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ṣòfò.” Olórí ẹbí kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lẹ́yìn tó ti bá lọ́yà tirẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó búra tuntun pé òun nìkan lòun búra àkọ́kọ́, pé òun ló sọ ọjọ́ fún akọ̀wé, pé ọmọ náà kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun ni. Ọmọ wo ló máa já àgbà tó ń rán an níwèé nírọ́ níwájú akọ̀wé kóòtù?

A ti pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nígbà náà lábẹ́ Ìlànà 2009 tó wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó fàyè gba kí ẹlòmíràn pe ẹjọ́ nítorí ẹni tó wà nínú àhámọ́. Ìyá ló pè é. Kì í ṣe pé a fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. A fẹ́ kí ìwé kóòtù wà nílẹ̀ kí ìwé tó ń pe ilé ẹjọ́ ológun jọ tó jáde, torí ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn wò, ó sì lè dá a dúró síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn. Tí wọ́n bá ti yan ìgbìmọ̀ tán, apá èèyàn púpọ̀ ti wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó yí i padà.

Lọ́yà ológun tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún bá wa jiyàn dáadáa. Ó ní ọmọ náà ti gba owó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó gba owó sójà ti di sójà. A ní owó oṣù kò lè sọ ohun tí òfin kà léèwọ̀ di ohun tó tọ́, àti pé ọmọ ni òfin náà wà láti dáàbò bò, a kò lè wá fi ẹnu rẹ̀ kan náà jẹ ẹ́ níyà. A rán an létí pé ní oṣù kẹsàn-án 2022 ni ìjọba Nàìjíríà bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọdé tí wọ́n bá mú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tó ń jagun kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ lọ́wọ́ ológun kí wọ́n tó fà á lé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ọmọ tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọ̀tá, kí ni yóò ṣẹ́kù fún ọmọ tí wọ́n bá nínú ilé ara wọn? Ó gba káàdì Adéọ̀yọ́, ó fi ìka tọ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó fi wé fọ́ọ̀mù, ó sì bi wá bóyá ẹ̀gbọ́n náà lè wá. Ó wá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ọ̀gá yìí kọ ni pé kí wọ́n má gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Wọ́n yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò yẹ kí wọ́n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kan, kí oṣù kejìlá tó dé. A yọ ẹjọ́ wa kúrò ní kóòtù. Nítorí náà adájọ́ kankan kò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ kò sì lè tọ́ka sí i níwájú kóòtù bí ìdájọ́. Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ ni bí a ṣe ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ dá ẹnu ọmọ dúró, kí ẹ tó wá ìwé. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gba pé kí wọ́n kàn sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, torí ọjọ́ tí wọ́n kọ gan-an ni ẹ máa fi wá àṣìṣe rẹ̀. Ẹ mú ìyá jókòó, ẹ bi í léèrè ìtàn gbogbo ọmọ rẹ̀ látorí àkọ́bí: ta ló ń mu ọmú nígbà wo, ta ni wọ́n bí nílé ìwòsàn, ọdún wo ni bàbá rìnrìn àjò. Àwọn ìyá wa kì í fi nọ́ńbà ka ọdún, ọmọ ni wọ́n fi ń kà á, òǹkà náà sì máa ń péye. Ẹ wá lọ́yà ọ̀tọ̀ fún àgbà tó búra, kí ẹ̀rù rẹ̀ má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ọjọ́ oṣù kẹta yẹn ṣì wà lórí NIN ọmọ náà, ó sì wà lórí BVN àkáǹtì tí wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀ sí. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lọ́la, àgbà ni yóò jẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn, lórí ohunkóhun tó bá ṣe kó tó pé 18. Ìyá rẹ̀ ti gba ìwé tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ìbúra tuntun àti ẹ̀dà rẹ́jísítà ilé ìwé, a sì ti fi gbogbo rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n tún ọjọ́ náà ṣe. A kò tíì pa fáìlì rẹ̀ dé.